Ìtọ̀ Tí Mo Ń Dà Nù Kí Ọkọ Mi Lè Kírun

Allahu Akbar! Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn, ẹ bá mi gbé Ọlọ́hun ga! Ẹ tún wí! Alihamudulilahi! Ẹnu mi ò gbọpẹ́.

Gbogbo yín lẹ mọ ọkọ mi, Bàbá Rábì, ládàánì mọ́sálásí yìí. Ó lé lóṣù kan tí ẹlòmíì ti ń bá a pèrun. Ìtọ̀ ló há mọ́ ọn. Láti ọjọ́ Jímọ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ̀kán kan kò kán. Ọkùnrin tí kì í ké ń ké bí ọmọdé!

A gbé e láti ilé wa ní Ìrẹmọ dé ọsibítù, wọ́n ní ká tò sórí ìlà, bí ìjọba ológun ṣe ní kí gbogbo ayé máa tò. Ẹni tí ìtọ̀ há mọ́! Mo bú gbogbo ẹni tó wà níwájú wa, kí Ọlọ́hun dárí jì mí. Nígbà tó yá, dókítà ti rọ́bà sí i, ìtọ̀ ń dà sínú àpò tí wọ́n so mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ara tù ú. A ò mọ̀ pé wàhálà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ni.

Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀, ọmọ Ẹdúnàbọ̀n, Àṣàkẹ́ lorúkọ rẹ̀. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ má da ìtọ̀ yìí nù o. Èmi ni màá máa wọ̀n ọ́n, màá sì kọ ọ́ sínú ìwé.”

Mo ní mo ti gbọ́. Mo gbọ́ lóòótọ́! Ṣùgbọ́n ẹ mọ ọkọ mi. Nígbà tí Àyìlà tó, ó ní, “Ìyá Rábì, mi ò lè dúró níwájú Ọlọ́hun kí àpò ìtọ̀ kún lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.” Mo bá gbé abọ́, mo tú àpò náà sí i, mo lọ dà á nù. Alásàrí tó, mo tún dà á. Ìgbà márùn-ún lójúmọ́, mò ń yọ́ ọ ṣe, inú mi ń dùn pé làádá ni mò ń kó jọ. Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Ìtọ̀ lèmi ń dà!

Lọ́jọ́ kejì, dókítà wo ìwé, ojú rẹ̀ yí padà. “Ìtọ̀ bàbá ti kéré jù. Kídìnrín wọn fẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ dín omi tí wọ́n ń mu kù, kí ara wọn má baà wú.”

Ọkọ mi ń bẹ̀ mí, “Ìyá Rábì, fún mi lómi díẹ̀.” Mo kọ̀. Ètè rẹ̀ gbẹ, ó bó. Lọ́jọ́ kẹta kò mọ̀ mí mọ́, ìyá rẹ̀ tó ti kú ló ń pè. Dókítà ní ká múra, wọ́n máa gbé e lọ sí Ìbàdàn, àmọ́ òun ò lè ṣèlérí pé yóò débẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ náà, ọkọ mi ò mọ̀ pé ìrun tó. Èmi mọ̀. Mo tún gbé abọ́. Àpò kún dẹ́nu. Bí mo ṣe dé ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù báyìí, Nọ́ọ̀sì Àṣàkẹ́ ni mo pàdé.

“Mọ́mì, kí lẹ gbé?”

Ǹ bá parọ́ pé omi tí mo fi nù ún lára ni. Mo bojú wẹ̀yìn wo ọkọ mi. “Ìtọ̀ Bàbá ni.”

“Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti dà á?”

“Ní gbogbo àkókò ìrun. Láti ọjọ́ tá a ti dé.”

Kò pariwo mọ́ mi. Ó gba abọ́, ó wọn ìtọ̀ náà. “Kídìnrín wọn ò daṣẹ́ sílẹ̀ o! Ìtọ̀ tẹ́ ẹ dà nù ni kò wọ̀wé; omi ara wọn ló ń tán lọ!” Ó sáré lọ pe dókítà.

Wọ́n fa omi sí i lára. Èmi wà nílẹ̀, mò ń tọrọ àforíjìn. Ọwọ́ ara mi ni mo fẹ́ fi pa ọkọ mi, mo ní ẹ̀sìn ni mò ń ṣe! Ní ọjọ́ kejì, ó lajú. Ó ní, “Ìyá Rábì, ṣé Alásàrí ti tó?”

Allahu Akbar! Mo pariwo débi pé gbogbo wọ́ọ̀dù dìde jókòó.

Nọ́ọ̀sì Àṣàkẹ́ bá tún ètò ìtọ́jú rẹ̀ kọ: kí ìrun kọ̀ọ̀kan tó tó, òun á kọ́kọ́ wá wọn ìtọ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á dà á nù. Ó kọ orúkọ ìrun márààrún síbẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n yọ rọ́bà, ó sì tọ̀ fúnra rẹ̀. Alihamudulilahi!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní aláìsàn lọ́wọ́, ẹ má sọ̀rètí nù. Ohun tí nọ́ọ̀sì bá ní kẹ́ ẹ má ṣe, ẹ má ṣe é. Bẹ́ ẹ bá sì ti ṣe é, ẹ tètè sọ, ìtìjú kì í wo àìsàn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ Ẹdúnàbọ̀n yẹn, Ọlọ́hun á kẹ́ ẹ.

Ohùn tó pè yín sí Àsùbáà láàárọ̀ òní, tó ń gbọ̀n díẹ̀, tẹ́ ẹ ń bi ara yín pé ta ni, ọkọ mi ni o!