Àwọn Orí Amọ̀ Tí Vincent Fọ́

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ọ̀rọ̀ ọjọ́ Mísà yẹn dúró. Nǹkan kan wà lọ́kàn mi tó gbọ́dọ̀ jáde lónìí."

Vincent ló sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ẹbí ìyàwó rẹ̀ jókòó sí àgbàlá ilé wọn lójú ọ̀nà Anié ní Tógò, wọ́n ń wá ọjọ́ tí wọn yóò gba Mísà òkú fún Ògúnrẹ̀mí, àkọ́bí ilé, tó lọ sí Gàbọ́ọ̀nù tí wọn kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Kò sí àmì ikú kankan. Èmi ni mo fọ́ àwọn orí yẹn."

Ìbíọlá ìyàwó rẹ̀ ń fi amọ̀ mọ orí ènìyàn. Orí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló kọ́kọ́ mọ: ọrùn gígùn, etí tó nà síwájú bíi ti ẹni tí wọ́n ń pè láti òkèèrè. Lọ́dún kejì ó tún un mọ, ó fi ìyarun gún irùngbọ̀n sí i. Nígbà tó yá, ìlà wọ iwájú orí rẹ̀. Níkẹyìn, ó fi amọ̀ funfun ṣe ewú sí ẹ̀bátí rẹ̀. Ojú kan náà ni, tó ń dàgbà lọ́dọọdún. Títí dé Lomé, bí wọ́n bá ti rí ọrùn yẹn, wọ́n á ní, "Iṣẹ́ Ìbíọlá nìyí."

Vincent kò bá wọn yọ̀. Káfíńtà ni, òun ló ń kan pákó tí àwọn orí náà ń jókòó lé. Lọ́jọ́ kan ó bi í pé, "Ta ni ọkùnrin yìí?"

Ìbíọlá ń fi òkúta odò dán ẹ̀rẹ̀kẹ́ amọ̀ náà jẹ́jẹ́. "Ẹnì kan tí mò ń retí ni."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Màmá Élisabeth, ìyá rẹ̀, ti ní kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ Ògúnrẹ̀mí nínú ilé títí yóò fi dé. Vincent mọ̀ pé ọmọkùnrin kan ti ilé náà jáde, ṣùgbọ́n kò rí fọ́tò rẹ̀ rí. Ewú yẹn ló wá dá a lágara pátápátá. Báwo ni ìyàwó òun ṣe mọ̀ pé ọkùnrin náà ti ń hewú, bí wọn kò bá ń ríra? Ó ṣọ́ ọ lọ sọ́jà Anié. Ó tú fóònù rẹ̀ wò. Kò rí nǹkan kan, ìyẹn gan-an tún bí i nínú sí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ìbíọlá kó gbogbo orí tó fẹ́ gbé lọ sí àfihàn ní Lomé sínú iná, ó wọlé lọ jẹun. Vincent gbé garawa omi, ó dà á lé wọn lórí níbi tí wọ́n ti pọ́n bí ẹyin iná. Wọ́n ń sán pàà, pàà.

"Inú mi dùn," ó sọ fún àwọn àgbà, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. "Ìwà burúkú gbáà. Ó dà bíi pé ọkùnrin náà gan-an ni mo ń pa."

Òjò rọ̀ lẹ́yìn náà, ó bo àmì omi garawa náà, kò sí ẹni tó fura. "Bóyá wọn kò tíì gbẹ kí o tó sun wọ́n," ló sọ fún ìyàwó rẹ̀ tó ń sunkún. Màmá Élisabeth sáré dé, ó ṣa àfọ́kù kan tí ojú wà lára rẹ̀, ó ké: "Ògúnrẹ̀mí! Kò ku ẹyọ kan! Ọmọ mi ti kú o!"

Ibẹ̀ ni Vincent ti mọ ẹni tí òun ń jowú sí. Síbẹ̀, ó panu mọ́. Ó ń wo ìyàwó rẹ̀ tó gbà pé ọwọ́ òun ni ikú gbà sọ̀rọ̀, tí kò fọwọ́ kan amọ̀ mọ́, tó ń ti ilé ìbátan kan dé òmíràn fi ẹkún túfọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Nígbà tí Vincent sọ̀rọ̀ tán níwájú àwọn àgbà, Màmá Élisabeth dìde. "Ṣé ọmọ mi lè wà láàyè nígbà náà?"

"Mi ò mọ̀, Màmá. Mo kàn mọ̀ pé irọ́ mi lẹ gbọ́. Ẹ dárí jì mí."

Ìyá àgbà náà tú aṣọ dúdú tó wà lórí rẹ̀, ó ká a pọ̀, ó wọlé. Ìbíọlá kò sunkún. "Gbogbo ilé tí mo ti sunkún dé," ó ní, "lọ síbẹ̀, fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ fún wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, a ó mọ̀ bóyá mo lè bá ọ sọ̀rọ̀."

Vincent lọ. Nílé tó dé kẹ́yìn, ó bá Jordan, ọmọ ẹbí wọn kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín, ó fi Faransé pè é bí ẹni ń pe àbúrò bàbá rẹ̀: "Tọ́ntọ́n, ẹ̀yin náà ń jowú?"

Vincent kò rẹ́rìn-ín. "Bí ohun kan bá ń jẹ ọ́ lọ́kàn, bi ìyàwó rẹ. Kí o dúró gbọ́ ọ. Má ṣe fi ọkàn ara rẹ dáhùn fún un."