Ẹ̀jẹ́ Tí Bàbá Ti Fagi Lé

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, dókítà ti sọ iye oṣù tó kù fún mi, kò sì pọ̀. Mi ò fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ ilẹ̀ lọ.

Lọ́dún tí ìyá wa rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀, àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run pé bí Ìyá bá yè, òun ò ní lọ sílé ọkọ níwọ̀n ìgbà tí Ìyá bá ṣì wà láàyè. Bàbá gbọ́ láti yàrá kejì. Ó pè mí sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Mi ò fọwọ́ sí i. Ọmọdé ni. Bá mi sọ fún un tí ara rẹ̀ bá balẹ̀." Lọ́sẹ̀ kejì, Bàbá kú. Mi ò sọ ọ́. Nígbà yẹn, ìgbàgbé lásán ni.

Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, káfíńtà kan wá tún fèrèsé wa ṣe. Fèrèsé kan ṣoṣo, ọjọ́ mẹ́rin ló fi ṣe é. Gbogbo wa mọ ohun tó ń wá. Àbúrò mi wá bá mi nídìí ìwé, ó bi mí bóyá ohun tóun sọ ṣì de òun. Èmi tí mo ti di olùkọ́ èdè Hébérù, mo ṣàlàyé bí ẹni tó wà ní kíláàsì. Mo ní havtachah ni ìlérí tí èèyàn ń ṣe fún ẹnì kejì rẹ̀. Shevuah ni ìbúra. Neder ni ẹ̀jẹ́ tí a bá Ọlọ́run jẹ́, tìrẹ sì nìyẹn. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ mi wà lórí ìpínrọ̀ ìsàlẹ̀ nínú Bíbélì tó ṣí sílẹ̀ níwájú mi, níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé bí ọmọbìnrin bá jẹ́jẹ̀ẹ́ nílé bàbá rẹ̀, tí bàbá sì kọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tó gbọ́, ẹ̀jẹ́ náà ti bọ́ lọ́rùn rẹ̀. Ṣé ẹ mọ ìdí tí mo fi bò ó? Bó bá lọ, èmi ni màá máa yí Ìyá padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìwé ni èmi fẹ́ kọ.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé. Bẹ́ẹ bá ní ó dè mí, ó dè mí náà nìyẹn."

Káfíńtà dúró fún ọdún méjì, ó sì fẹ́ ẹlòmíì. Ìyá lo ọdún mọ́kàndínlógún sí i. Ìwé mi jáde. Òun náà lẹ fi ń kẹ́kọ̀ọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, bó ṣe ń gé èékánná mi, mo jẹ́wọ́ fún un. Ó gé èékánná tó kù tán, ó ní kí n tún ọ̀rọ̀ Bàbá sọ gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́. Mo tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ó ní, "Láti ọjọ́ tí mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́ yẹn, mo rò pé Bàbá gbọ́, ó kàn dákẹ́ ni."

Mo bẹ̀ ẹ́ kó dárí jì mí. Ó ní òun á rò ó. Ó ṣì ń rò ó, ó sì ń fún mi lóògùn lásìkò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn, bí ẹnikẹ́ni bá wá bi yín léèrè ohun tó de òun, ẹ gbọ́wọ́ kúrò lójú ìwé.