Kọ́sítíìkì Lára Ẹ́ńjìnnì
Ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan ní Àgùdà ni mo jókòó sí nígbà tí ọkùnrin kan gbé ìdérí ẹ́ńjìnnì dé, tó ti dúdú, tó sì kún fún ihò wínníwínní. Ara alùpùpù tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ni.

“Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fi fọ̀ ọ́?” mẹkáníìkì bi í.

“Nǹkan funfun ń hù lára rẹ̀, mo bá rẹ ẹ́ sínú kọ́sítíìkì tí ìyàwó mi fi ń ṣe ọṣẹ.”

“Àlùmíníọ̀mù! Wọn ò sọ fún yín pé kọ́sítíìkì máa ń jẹ ẹ́?”

“Ìyàwó mi pariwo títí. Mo ní kó dákẹ́, iṣẹ́ ọkùnrin ni.”

“Ẹ jẹ́ ká fi sáńpépà họ ọ́ wò. Tí kò bá dán, kí ìyàwó yín máa fi rin ilá.”

Iṣẹ́ ọkùnrin ni! Mo rẹ́rìn-ín débi pé mẹkáníìkì bi mí bóyá mo mọ ọkùnrin náà.

Mo ní rárá, irú rẹ̀ ni mo mọ̀ dáadáa.