Orúkọ Tí Wọ́n Ní N Má Pè

Mi ò bínú, Màámi. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Tí mo bá ń bínú, ṣé ibí ni mo máa jókòó sí tí n máa bá yín ṣa àlùbọ́sà? Èyí ti rà, mo ti jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi náà ni, torí láti àná tí àwọn ará Kánádà ti ní àwọn ò fún mi ní físà, gbogbo agboolé ló ti sọ̀rọ̀ tán, ẹ̀yin ti sọ tiyín, ọkọ mi ti sọ tiẹ̀ lórí fóònù tẹ́ ẹ gbé ohùn rẹ̀ sókè kí ará ilé lè gbọ́, kò wá sẹ́ni tó bi mí pé, Marufat, kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?

Kí ló ṣẹlẹ̀? Orúkọ ni wọ́n bi mí. Ó parí.

Ṣebí ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò ju oṣù mẹ́ta lọ tí wọ́n so yìgì wa tí ọmọ yín fi lọ? Ó ṣiṣẹ́ títí ó fi gba PR, ìwé ìgbélùú wọn, ó ní òun máa dúró fún mi kí èmi náà lè di ará ibẹ̀, inú gbogbo wa dùn, ẹ gbàdúrà fún mi lórí ẹní yìí kan náà. Wọ́n wá pè mí sí Èkó pé kí n wá fẹnu ara mi sọ bóyá tọkọtaya tòótọ́ ni wá, torí àwọn kan wà tó jẹ́ pé inú ìwé lásán ni wọ́n ti ń fẹ́ra. Kò burú. Mo lọ.

Òyìnbó obìnrin yẹn ò le o. Ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí mi. Ọmọ Yorùbá kan jókòó tì í tó ń túmọ̀. Ó ní kí lorúkọ àwọn àbúrò ọkọ mi. Mo ní Akọ̀wé àti Eyínfúnjowó. Ẹnu mi ti sọ ọ́ kí n tó rò ó! Obìnrin náà wo ìwé tí Bàbá-ilé-mi, ọmọ yín, kọ ránṣẹ́ sí wọn láti ọ̀hún, ó wò mí, ó ní kò sí Akọ̀wé níbí. Mo ní, ẹ jọ̀ọ́, Israfil ni, Israfil àti Haneefah. Ó ní, ṣé o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rántí ni? Mo wo ọmọ Yorùbá yẹn, mo ní bóyá á bá mi dá sí i. Ilẹ̀ ló ń wò.

Ó wá ní, ìyá ọkọ rẹ tẹ́ ẹ jọ ń gbé ńkọ́? Mo ní Màámi. Ó ní orúkọ wọn. Mo ní Ìyá Alálùbọ́sà, kò sẹ́ni tí ò mọ̀ wọ́n ní Sábó. Ó ní rárá, orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n. Mo wá a nínú orí mi, Màámi, mo wá a títí. Mo mọ̀ pé orúnkún òsì ló ń dùn yín tí òjò bá ti ṣú. Mo mọ̀ pé ẹ kì í jẹ ilá lálẹ́. Mo mọ irú ikọ́ tẹ́ ẹ máa ń wú tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí àlejò máa lọ sílé ẹ̀. Wallahi, mi ò mọ orúkọ yín. Ta ló ń pè é nínú ilé yìí tí n bá fi gbọ́?

Ta ló sì kọ́ mi bẹ́ẹ̀? Ṣé ẹ rántí ọjọ́ kejì tí mo wọlé? Mo ní Israfil, jọ̀ọ́, bá mi sọ korobá yẹn sílẹ̀. Ẹ jáde wá láti yàrá. Ẹ ní ṣé bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ l'Ọ́yọ̀ọ́ nìyẹn, pé ọmọ tí ìyàwó bá nílé, bó wù kó kéré tó, ọkọ rẹ̀ ni, ìyàwó kì í sì í pe ọkọ lórúkọ. Ẹ ní kí n kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ọmọ tó ṣì ń wọ yunifọ́ọ̀mù! Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́, mo sọ ọ́ ní Akọ̀wé lọ́jọ́ yẹn, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ lọ ń fi mí yangàn ní Sábó pé ìyàwó yín gbẹ̀kọ́.

Ẹ̀kọ́ yẹn náà rèé o.

Ẹ wá gbé fóònù lánàá, ẹ ní, "Mashood, obìnrin tí ò mọ orúkọ ìyá rẹ, ṣé ìwọ ló fẹ́ àbí Kánádà?" Ẹ̀yin, Màámi! Ẹnu tó ní n má pè é lẹnu tó ń bi mí pé kí ló dé tí mi ò mọ̀ ọ́n? Òun náà sì ní kí n lọ sinmi lọ́dọ̀ ìyá mi l'Ọ́yọ̀ọ́ ná. Sinmi. Ta ló sọ fún un pé ó rẹ̀ mí?

Ẹ ní kí n sunkún kó lè fúyẹ́? Kò wá. Mo gbìyànjú ẹ̀. Kóòtù òtútù tí ìyá mi ṣà fún mi nínú òkìrìkà ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo gbé e wọ̀ láàárọ̀ yìí, nínú ooru yìí, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Mi ò tiẹ̀ làágùn. Ooru ọ̀hún ò dé ara mi.

Lọ́yà ọmọ yín ṣáà ní àyè ṣì wà láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, bí àgbà kan nínú ẹbí bá lè bá wọn sọ̀rọ̀ pé bí a ṣe ń ṣe nílé wa nìyí. Àgbà wo ló kù bí kò ṣe ẹ̀yin? Ẹ lẹ́ ò fẹ́ kí òyìnbó pè yín ní ará oko. Hẹn. Kí wọ́n máa pe èmi ní òpùrọ́ ló dáa?

Ẹ gbọ́ o. Israfil. Haneefah. Mashood. Ẹ̀ẹ̀kan sí i: Mashood! Mo ti pè wọ́n o. Òrùlé ò wó.

Ẹ ń nujú. Àlùbọ́sà ni, àbí? Kò ta èmi.

Mi ò lọ s'Ọ́yọ̀ọ́. Ìyàwó ilé ni mí, mi ò ṣàlejò, ẹ má wulẹ̀ wúkọ́. Fóònù mi rèé, ó ti ń dún lọ́dọ̀ ọmọ yín láti ìgbà tí mo ti pè é lórúkọ lẹ́ẹ̀kejì. Ó ti gbé e. Ẹ gbà. Ẹ sọ ẹni tó kọ́ mi fún un.

Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ dárúkọ yín ná, Màámi. Ẹ sọ ọ́ sókè, kí n gbọ́.