Ìwé Àfọwọ́kọ Àpọ́sítélì Tí Mi Ò Rí Rí

Ẹ̀yin ọmọ kíláàsì Bíbélì mi, ẹ jókòó dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má sì bẹ̀ mí pé kí n sinmi. Dókítà ti sọ fún mi pé ó ti rẹ ọkàn mi, pé kí n má sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi, bí mo bá sì gbé e wọ sàréè, ẹlòmíràn ni yóò máa ru ìtìjú tó yẹ kí n rù. Ẹ rántí nọ́ọ̀sì tó máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn, tó máa ń béèrè ìbéèrè títí ara yóò fi máa ta yín. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí a ti lé e kúrò láàárín wa nítorí pé ó purọ́ mọ́ mi. Kò purọ́. Èmi ni mo purọ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ náà ti ń lọ́ mọ́ra lọ́wọ́ èmi fúnra mi. Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ìwé dídì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì: abẹ́rẹ́, òwú, gọ́ọ̀mù àti awọ. Ilé iṣẹ́ wa rán mi lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí ilé ìkàwé ńlá kan, kí n lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún ìwé àtijọ́ ṣe. Ọ̀sẹ̀ méjì péré, mo dé, mo di ọ̀mọ̀wé! Lọ́jọ́ Ìsinmi kan tí kíláàsì ti tú, nọ́ọ̀sì dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Tíṣà, ta ló yan àwọn ìwé inú Májẹ̀mú Tuntun? Ṣé wọ́n ṣèpàdé lé e lórí ni? Báwo la sì ṣe mọ̀ pé ohun tí wọ́n kọ ṣẹlẹ̀ lóòótọ́?" Mi ò mọ̀. Kí n sọ bẹ́ẹ̀, ẹnu mi kọ̀. Mo ní, "Èmi tí ò ń wò yìí, mo ti dúró níwájú ìwé tí àpọ́sítélì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Inú gíláàsì ló wà. Mo fojú mi rí i." Ojú rẹ̀ tàn yòò. Inú mi dùn bí ẹni tó ṣe ọmọ náà lóore.

Kí ni mo rí ní tòótọ́? Ewé ìwé àtijọ́ kan tó ti pọ́n, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti jẹrà. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà pé àdàkọ ni, pé ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn àwọn àpọ́sítélì ni wọ́n dà á kọ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Òpùrọ́ tó mọ̀wé kà ni mí.

Nọ́ọ̀sì gbé ọ̀rọ̀ mi lọ síbi iṣẹ́. Ọkùnrin kan wà níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, tó máa ń fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Nọ́ọ̀sì sọ fún un níwájú gbogbo wọn pé tíṣà òun ti rí ìwé náà. Lọ́jọ́ kejì ọkùnrin náà mú ìwé ìtàn wá, ó fi hàn án pé kò sí ìkankan nínú àfọwọ́kọ àwọn àpọ́sítélì tó ṣẹ́ kù, pé àdàkọ ló kù. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín títí. Ó sáré wá bá mi ní kíláàsì, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rí i àbí ẹ ò rí i? Bí ẹ ò bá rí i, kò burú. Ẹ ṣáà sọ fún mi."

Ẹ wò ó, ó ti ṣílẹ̀kùn fún mi. Àmọ́ gbogbo yín ń wò mí. Mo ní, "Ìwé wo? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?" Mo tún wá fi tèmi kún un, pé ó pẹ́ tí mo ti ń rí iyèméjì lójú rẹ̀, pé ó fẹ́ fi orúkọ mi ba kíláàsì jẹ́ ni. Alága kíláàsì wa ní òpùrọ́ kò ní bá wa jókòó mọ́, kí ẹni tó bá gba Tíṣà gbọ́ nawọ́ sókè. Gbogbo yín nawọ́. Ìyá rẹ̀ tó jókòó níwájú mi yìí náà nawọ́. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ yẹn ni nọ́ọ̀sì wò, kò wo tèmi. Ó mú báàgì rẹ̀, ó lọ. Mo sì ní ká kọrin.

Lẹ́yìn tó lọ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó yẹ kí n ti kà. Mo rí i pé kì í ṣe ìpàdé ọjọ́ kan ni wọ́n fi yan àwọn ìwé náà. Àwọn ìjọ ń kà wọ́n, wọ́n ń dà wọ́n kọ, wọ́n ń béèrè pé ta ló kọ èyí, ṣé ó bá ohun tí a ti gbà mu. Ìwé Ìhìn Rere mẹ́rin tètè múlẹ̀. Wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún jiyàn lórí àwọn lẹ́tà kan. Àwọn ìwé kan wà tí àwọn ìjọ kan fẹ́ràn, tí kò sì wọlé. Àwọn onímọ̀ ìtàn ní àwọn nǹkan kan nínú àwọn ìwé náà dá àwọn lójú, pé àwọn mìíràn ò ṣeé wádìí. Ibẹ̀ lorí mi ti dàrú. Bí mo bá ka ibi tí ẹnì kan ti ní òun fojú ara òun rí i, èmi tí mo ní mo rí ohun tí mi ò rí, kí ni kí n ṣe? Nígbà míì màá gbà á gbọ́, omi á bọ́ lójú mi. Nígbà míì màá ní, àbí irú mi ni onítọ̀hún? Ẹ má bi mí pé èwo ló borí. Mi ò mọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo rí nọ́ńbà tuntun rẹ̀ gbà, mo pè é, mo jẹ́wọ́. Ó ní, "Tíṣà, ó ti pẹ́ tí mo ti dárí jì yín. Àmọ́ ọdún mọ́kànlá lẹ fi kọ́ mi. Ẹ bá mi ya èyí tó jẹ́ òótọ́ sọ́tọ̀. Mi ò mọ èyí tí mo lè mú dání mọ́." Mo kó gbogbo ìwé tí mo fi ń kọ́ yín jáde, mo mú bírò pupa. Ohun tí mo kà, ohun tí mo gbọ́, ohun tí mo fi ẹnu ara mi dá sílẹ̀, wọ́n ti wọnú ara wọn. Mo fa ìlà sábẹ́ ọ̀kan, mo tún pa á rẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa kọ́ kíláàsì yìí lẹ́yìn mi, bí wọ́n bá bi yín ní ohun tí ẹ ò mọ̀, ẹ sọ pé ẹ ò mọ̀. Ìyá nọ́ọ̀sì, ẹ fi ìdáríjì tèmi sílẹ̀ ná. Ẹ ti fi ọdún mẹ́sàn-án pe ọmọ yín ní òpùrọ́ nítorí ẹnu mi. Nínú gbogbo ìwé yẹn, gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo lè kọ tí mi ò ní pa rẹ́: kò purọ́. Fóònù mi rèé. Nọ́ńbà ọmọ yín ló wà lójú fóònù yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é.