Oòrùn Tí Wọ́n Ń Gbé Mì

Nínú ọkọ̀ tó gbé wa láti Òmù-Àrán lọ sí Ìlọrin, mo jókòó sẹ́yìn ọmọbìnrin kan tó ti Kánádà wálé àti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ìyá àgbà kan, nígbà tí ọmọbìnrin náà fi omi gbé hóró oògùn kan mì.

"Kí lo lò yẹn? Ṣé ara rẹ ò yá ni?"

"Fítámì D ni, Ìyá. Inú oòrùn lara ti máa ń rí i. Lọ́hùn-ún, tí òtútù bá dé, ilẹ̀ á ti ṣú kí n tó kúrò níbi iṣẹ́. Ọkàn mi á kàn wúwo. Mo lè máa sunkún láìjẹ́ pé ẹnì kan ṣẹ̀ mí."

"Oòrùn lo wá ń gbé mì?"

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ kúkú lè pè é bẹ́ẹ̀."

"Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?"

"Mi ò lè búra. Ó jọ pé ó ń ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀. Dókítà ní kí n tún máa rìn jáde, kí n máa bá èèyàn sọ̀rọ̀."

Bí a ṣe kọjá Àjàṣẹ́, Ìyá sún mọ́ ọn.

"Láti ìgbà tí bàbá àwọn ọmọ ti kú, tí òjò bá ti ń rọ̀ tí ò dá, n kì í fẹ́ dìde lórí ẹní. Mo ń pe ara mi ní ọ̀lẹ. Ṣé àìsàn tó ní orúkọ ni ìyẹn náà?"

"Ó ṣeé ṣe kó ní. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún ẹnì kankan?"

"Ta ló bi mí?"

Ọmọbìnrin náà yíjú sí i pátápátá. "Èmi ń bi yín, Ìyá."

Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an. Mo na ọrùn títí, mi ò gbọ́ ìyókù.