Mo Yí Ọ̀rọ̀ Bàbá Sànúsí Padà Níwájú Ayàwòrán

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kẹ́ ẹ tó bú mi. Ó ti di ọdún mẹ́ta tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri. Mo purọ́ fún bàbá kan, mo sì yí ọ̀rọ̀ bàbá kejì padà lójú ara wọn. Bàbá kejì yẹn ń padà bọ̀ láti Ìbàdàn lóṣù tó ń bọ̀. Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n bá irọ́ náà lára ògiri.

Takisí ni mò ń wà nígbà tí mo gba yàrá nílé Mista Lírọ́ì ní Hillcrest Heights, l'Amẹ́ríkà níbí, lọ́dún 1993. Aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ni wọ́n, sójà tó ti fẹ̀yìn tì. Àwòrán ogun àtijọ́ ni wọ́n ń yà. Lọ́jọ́ tí mi ò bá lọ síṣẹ́, màá dúró kí wọ́n máa wò mí yà.

Mi ò tíì rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ bíi tiwọn. Wọ́n máa ń fi amọ̀ mọ àwọn sójà kéékèèké, wọ́n á tò wọ́n sórí tábìlì, wọ́n á tan iná sí wọn láti ẹ̀gbẹ́ kan kí wọ́n lè mọ ibi tí òjìji máa bọ́ sí. Wọ́n ní kí n wọ aṣọ sójà, kí n fi yíràá nínú ẹrẹ̀ lẹ́yìnkùlé, pé aṣọ tó bá mọ́ kì í ṣe aṣọ ogun. Wọ́n á kọ lẹ́tà sí àwọn tó jagun náà fúnra wọn kí wọ́n tó fọwọ́ kan ọ̀dà. Wọ́n máa ń sọ pé, "Òkú ò lè dìde wá sọ pé mo ṣì í yà. Èmi ni mo gbọ́dọ̀ béèrè."

Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní àwọn fẹ́ ya àwọn ará wa tó lọ jagun ní Bọ́mà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Inú mi dùn, ẹnu mi wá yá jù. Mo ní bàbá mi wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, irọ́ ni. Káfíńtà ni bàbá mi, wọn ò kúrò n'Íbàdàn rí. Mo kàn fẹ́ kí Mista Lírọ́ì kà mí sí èèyàn ni.

Mista Lírọ́ì bi mí bí àwọn sójà yẹn ṣe ń gbé ẹni tó fara gbọgbẹ́ sọdá odò. Mi ò mọ̀. Mo ní wọ́n ń fi aṣọ pọ̀n wọ́n bí ọmọ ni. Omi lé sójú Mista Lírọ́ì. Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi ya àwòrán yẹn, wọ́n sì gbé e kọ́ sí ilé ìkàwé kan.

Àǹtí Sìdíkà, nọ́ọ̀sì tá a jọ ń kírun ní mọ́sálásí, ló mú bàbá wọn wá wò ó. Ìbàdàn ni bàbá náà ti wá kí wọn nílé wọn ní Lake Arbor. Bàbá Sànúsí jagun Bọ́mà lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn ò gbọ́ Òyìnbó púpọ̀. Àǹtí ní láti sáré lọ síṣẹ́, wọ́n bá ní kí n máa túmọ̀ láàárín Bàbá àti Mista Lírọ́ì, tá a jọ wà níbẹ̀.

Bàbá wo àwòrán náà títí.

"Ọmọ mi, ta ló ní a pọn ẹnikẹ́ni? Igi méjì àti bùláńkẹ́ẹ̀tì la fi ń gbé wọn. Ràímì ọ̀rẹ́ mi ló di igi mú níwájú. Ìbọn bà á láàárín odò, kò jẹ́ kí igi bọ́ títí a fi dé èbúté. Ibẹ̀ ló kú sí. Sọ fún wọn kí wọ́n yà á síbẹ̀. Ìyá ẹ̀ ò rí sàréè ẹ̀ dọjọ́ ikú."

Mista Lírọ́ì yíjú sí mi. "Kí ni wọ́n wí?"

Mo ní, "Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Wọ́n ní ẹ ṣeun."

Mista Lírọ́ì di ọwọ́ Bàbá mú, wọn ò tètè fi sílẹ̀. Bàbá bi mí pé, "Ṣé wọ́n máa yà á?"

"Wọ́n máa yà á, Bàbá."

Wọ́n ṣàdúrà fún mi. Mo ṣe àmín.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Àǹtí Sìdíkà pè mí lórí fóònù. "Bàbá ń bọ̀ o. Àwòrán Ràímì ni wọ́n ń béèrè ṣáá."

Láàárọ̀ Sátidé, mo jókòó ti Mista Lírọ́ì nídìí kọfí wọn, mo sọ gbogbo ẹ̀, títí kan ti bàbá mi. Wọn ò pariwo. Wọ́n bi mí lórúkọ ẹni tó kú. Wọ́n ní kí n pè é ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi pẹ́ńsù kọ ọ́. Wọ́n wá ní kí n wá ibòmíì gbé. Wọ́n ní àwọn máa tún un yà, Bàbá Sànúsí á jókòó ti àwọn, Àǹtí Sìdíkà ló sì máa túmọ̀, kì í ṣe èmi.

Mo ti ń di ẹrù mi. Mi ò bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí n dúró.

Ó wá ku Bàbá Sànúsí. Màá sọ fún wọn, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ohun tí mò ń bi yín, ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́: ṣé kí n sọ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé, àbí kí n jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ sinmi ìrìn àjò ná? Wọ́n ti lé lẹ́ni ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Wọ́n fi òkú ọ̀rẹ́ wọn rán mi níṣẹ́, mi ò jẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ wo lèèyàn fi ń bẹ irú àgbà bẹ́ẹ̀?